Ìfẹ́ Bọ́ọ̀lù ní Ilẹ̀ Bràsíl, àti Ẹni Tí A Di Ẹ̀bi Rù

Ẹ̀yin òǹkàwé wa, kò sí ẹnikẹ́ni nínú wa tí ó fẹ́ràn eré bọ́ọ̀lù tí kò tíì gbọ́ òkìkí ilẹ̀ Bràsíl. Bí àwọn ọmọdé bá ń gbá bọ́ọ̀lù ní ìta gbangba, tí ọ̀kan nínú wọn sì fi ẹsẹ̀ dárà, orúkọ Pelé ni àwọn àgbàlagbà tí ń wòran yóò fi pè é. Títí di ìdíje ọdún 2022, ilẹ̀ náà ti gba Ife Ẹ̀yẹ Àgbáyé ní ẹ̀ẹ̀marùn-ún, èyíinì ni ní ọdún 1958, 1962, 1970, 1994 àti 2002, kò sì sí orílẹ̀-èdè mìíràn tí ó gbà á tó bẹ́ẹ̀. Nítorí náà ni ọ̀pọ̀ ènìyàn fi ń wí pé àmútọ̀runwá ni bọ́ọ̀lù jẹ́ fún wọn, pé bí a bá ti bí ọmọ ní Bràsíl, ẹsẹ̀ rẹ̀ ti mọ ohun tí yóò ṣe kí ẹnu rẹ̀ tó mọ ọ̀rọ̀ í sọ.

Àwa kò lè fi ọwọ́ sí ọ̀rọ̀ náà bí wọ́n ti ń sọ ọ́. Ohun tí wọ́n ń pè ní àmútọ̀runwá yìí, bí a bá tú u wò, a ó rí i pé iṣẹ́ ni, ìjàkadì ni, omijé sì wà nínú rẹ̀. Ohun méjì ni a fẹ́ kí ẹ bá wa gbé yẹ̀wò. Èkínní ni pé ìgbà tí a ṣí ilẹ̀kùn pápá fún àwọn tálákà àti àwọn adúláwọ̀ ni Bràsíl tó di ọ̀gá nínú eré bọ́ọ̀lù. Èkejì ni pé ìfẹ́ ńlá tí àwọn ènìyàn náà ní sí eré yìí ti mú wọn hu ìwà kan sí ọ̀kan nínú àwọn ọmọ wọn, ìwà tí kò yẹ kí ìfẹ́ bí. Ẹ̀kọ́ sì wà nínú méjèèjì fún àwa tí a ń múra láti di olùkọ́ ọmọ ọlọ́mọ.

Ẹ jẹ́ kí a mú ọ̀rọ̀ náà láti ìbẹ̀rẹ̀. Àlejò ni bọ́ọ̀lù jẹ́ ní Bràsíl. Ọkùnrin tí wọ́n máa ń dárúkọ jù nínú ìtàn bí ó ti dé ibẹ̀ ni Charles Miller. Ìlú São Paulo ni a bí i sí ní ọdún 1874, ṣùgbọ́n ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ni ó ti lọ sí ilé-ìwé. Nígbà tí ó padà dé ní ọdún 1894, bọ́ọ̀lù méjì àti ìwé òfin eré náà wà nínú ẹrù rẹ̀. Àwọn òyìnbó tí ń ṣiṣẹ́ ọkọ̀ ojú irin, iṣẹ́ báńkì àti òwò ni ó kọ́kọ́ bá a gbá a. Lẹ́yìn wọn ni àwọn ọmọ ọlọ́rọ̀ ìlú gbà á, wọ́n dá ẹgbẹ́ sílẹ̀, wọ́n sì fi owó ńlá sí ẹnu ọ̀nà ẹgbẹ́ náà kí ẹni tí kò ní má bàa wọlé.

Ọdún mẹ́fà péré ṣáájú ìgbà tí Miller padà dé, ní ọjọ́ 13 oṣù karùn-ún ọdún 1888, ni òfin tí ó dá gbogbo ẹrú sílẹ̀ ní Bràsíl jáde. Kí a má ṣe gbàgbé pé ìbátan wa ni ọ̀pọ̀ nínú àwọn ẹrú náà. Láti ilẹ̀ Yorùbá ni a ti kó wọn kọjá òkun lọ sí Bahia, níbi tí a ti ń pè wọ́n ní Nàgó. Àwọn tí ó rí ọ̀nà padà nínú wọn ni a mọ̀ sí Àgùdà ní Èkó, orúkọ ìdílé wọn sì wà níbẹ̀ títí di òní. Nítorí náà, nígbà tí a bá ń sọ̀rọ̀ àwọn adúláwọ̀ tí ó dúró lẹ́yìn ọgbà tí wọ́n ń yọjú wo bọ́ọ̀lù àwọn ọlọ́lá, kì í ṣe ọ̀rọ̀ àjèjì pátápátá ni a ń sọ.

Òfin ti dá wọn sílẹ̀, ṣùgbọ́n pápá kò tíì gbà wọ́n. Àwọn ará ìlú Rio de Janeiro máa ń sọ ìtàn agbábọ́ọ̀lù kan ní ọdún 1914, ẹni tí ẹ̀jẹ̀ dúdú àti funfun jọ wà lára rẹ̀. Wọ́n ní kí ó tó jáde sí pápá, a máa fi ìyẹ̀fun ìrẹsì pa ojú rẹ̀ kí àwọ̀ rẹ̀ má bàa hàn sí àwọn olówó tí ń wòran. Ṣùgbọ́n nígbà tí oòrùn mú, tí òógùn sì dé, ìyẹ̀fun náà bẹ̀rẹ̀ sí í ṣàn. Àwọn kan ń jiyàn lórí ìtàn yìí. Àmọ́ bí ó bá tilẹ̀ jẹ́ pé wọ́n bù mọ́ ọn, ìlú tí irú ìtàn bẹ́ẹ̀ ti lè dùn létí mọ ohun tí ó ń ṣẹlẹ̀ nínú ilé ara rẹ̀.

Àwọn tí a tì síta kò káwọ́ gbera. Bí wọn kò ti ní bọ́ọ̀lù aláwọ, wọ́n ki àkísà sínú ìbọ̀sẹ̀ títí ó fi rí róbótó, wọ́n sì ń gbá a ní òpópó, ní etí òkun àti ní ilẹ̀ àbàtà tí odò ti fà sẹ́yìn. Ní Bangu, ní ẹ̀yìn ìlú Rio, níbi tí ilé iṣẹ́ aṣọ híhun kan wà, àwọn òyìnbó tí ń ṣe ọ̀gá níbẹ̀ dá ẹgbẹ́ bọ́ọ̀lù sílẹ̀ ní ọdún 1904. Wọn kò pọ̀ tó láti kún pápá, nítorí náà wọ́n pe àwọn òṣìṣẹ́ wọn mọ́ra, àti funfun àti dúdú. Àìtó ènìyàn ni ó ṣí ilẹ̀kùn náà; ṣùgbọ́n bí ilẹ̀kùn bá ti ṣí tán, a kì í béèrè ohun tí ó ṣí i lọ́wọ́ ẹni tí ó wọlé.

Ìdánwò gidi dé ní ọdún 1923. Ẹgbẹ́ kan wà ní Rio tí ń jẹ́ Vasco da Gama, tí àwọn ọmọ ilẹ̀ Potogí dá sílẹ̀ ní ọdún 1898 fún eré ọkọ̀ wíwà. Nígbà tí wọ́n bẹ̀rẹ̀ bọ́ọ̀lù, wọn kò wo àwọ̀ tàbí àpò ẹni tí wọ́n ń mú. Ẹni tí ó bá mọ̀ ọ́n gbá ni wọ́n ń wá. Adúláwọ̀ wà nínú wọn, òṣìṣẹ́ wà nínú wọn, àwọn tí kò mọ̀wé sì wà nínú wọn. Ọdún kìíní tí wọ́n dé ọ̀wọ́ àwọn ẹgbẹ́ ńlá, àwọn ni ó gba ipò kìíní. Ọ̀rọ̀ náà ka àwọn ẹgbẹ́ olówó lára. Ní ọdún 1924 wọ́n fa ara wọn sẹ́yìn, wọ́n dá ìdíje tiwọn sílẹ̀, wọ́n sì ní bí Vasco bá fẹ́ bá wọn ṣe, àfi kí ó yọ agbábọ́ọ̀lù méjìlá kúrò, nítorí pé iṣẹ́ àti ipò wọn láwùjọ kò tẹ́ àwọn lọ́rùn.

Ní ọjọ́ 7 oṣù kẹrin ọdún náà, olórí ẹgbẹ́ Vasco, José Augusto Prestes, kọ ìwé sí wọn. Ìwé náà kò gùn, kò sì bú ẹnikẹ́ni. Ó kàn sọ fún wọn pé àwọn ọ̀dọ́mọkùnrin méjìlá náà ni ó jà fún ẹgbẹ́ tí ẹgbẹ́ fi ní iyì. Bí ó bá di dandan kí a lé wọn, ẹgbẹ́ Vasco yóò kúkú dúró síta pẹ̀lú wọn. Bẹ́ẹ̀ ni wọ́n sì ṣe. Ní ọdún 1927 wọ́n fi ìdáwó àwọn ọmọ ẹgbẹ́ kọ́ pápá ìṣeré tiwọn sí São Januário, kò sì sí èyí tí ó tóbi tó o ní gbogbo Bràsíl ní ìgbà náà. Títí di òní, àwọn ọmọ ẹgbẹ́ náà ṣì ń pe ìwé Prestes ní ìdáhùn tí ó wọ inú ìtàn.

Ohun kan wà nínú ọ̀ràn yìí tí ó yẹ kí ó dùn mọ́ àwa olùkọ́ lọ́nà tiwa. Nínú àwọn ìdènà tí a gbé ka iwájú àwọn tálákà ni òfin pé agbábọ́ọ̀lù gbọ́dọ̀ lè fi ọwọ́ ara rẹ̀ kọ orúkọ rẹ̀ sínú ìwé kí eré tó bẹ̀rẹ̀. Ìtàn sọ pé ẹgbẹ́ Vasco wá ẹni tí ó kọ́ àwọn agbábọ́ọ̀lù rẹ̀ ní ìwé kíkọ. Ẹ ronú sí i, ẹ̀yin ẹlẹgbẹ́ wa: ọkùnrin kan tí ẹsẹ̀ rẹ̀ lè tan ènìyàn mẹ́ta jẹ, tí ó sì jókòó bí ọmọdé tí ń fi kálàmù wá lẹ́tà tí ó bẹ̀rẹ̀ orúkọ rẹ̀. Àwọn kan lo ìwé gẹ́gẹ́ bí ògiri. Àwọn mìíràn sọ ọ́ di àkàbà. Ohun kan náà ni ìwé. Ọwọ́ ẹni tí ó mú un ni ó yàtọ̀.

Láti ìgbà náà ni bọ́ọ̀lù ti ń di ti gbogbo ènìyàn. Ní ọdún 1938, nínú ìdíje àgbáyé tí a ṣe ní ilẹ̀ Faransé, Leônidas da Silva, ọmọ adúláwọ̀ láti Rio, ni ó gbá bọ́ọ̀lù sáwọ̀n jù lọ, tí Bràsíl sì ṣe ipò kẹta. Ní ọdún 1947, oníròyìn kan tí ń jẹ́ Mário Filho tẹ odidi ìwé kan jáde lórí ipa tí àwọn adúláwọ̀ kó nínú bọ́ọ̀lù ilẹ̀ náà. Ìfẹ́ àwọn ènìyàn wá kún àkúnwọ́sílẹ̀. Títí di òní, bí ọdún Ife Ẹ̀yẹ Àgbáyé bá ti dé, àwọn ará àdúgbò a máa dá owó ọ̀dà, wọn a fi àwọ̀ ewé àti àwọ̀ ìyeyè kun ojú títì, wọn a so àsíá láti ilé dé ilé. Bí eré Bràsíl bá sì kù díẹ̀ kó bẹ̀rẹ̀, báńkì a ti ilẹ̀kùn, ilé iṣẹ́ ìjọba a túká, títì a dá páropáro, títí di ìgbà tí igbe góòlù yóò fi jáde láti gbogbo fèrèsé lẹ́ẹ̀kan náà.

Ìfẹ́ tí ó tó báyìí dára púpọ̀. Ó sọ ọlọ́rọ̀ àti tálákà di ọmọ ìyá fún wákàtí kan àti ààbọ̀. Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí a wo ohun tí irú ìfẹ́ bẹ́ẹ̀ ń ṣe nígbà tí a bá já a kulẹ̀.

Ní ọdún 1950, Bràsíl ni ó gba àlejò ìdíje àgbáyé. Wọ́n ti bẹ̀rẹ̀ sí í kọ́ pápá ìṣeré Maracanã ní Rio láti ọdún 1948 nítorí rẹ̀, irú èyí tí ojú kò rí rí. Bí a ti ṣe ìdíje náà ní ọdún yẹn, orílẹ̀-èdè mẹ́rin ni ó kù ní ìparí, tí olúkúlùkù sì gbọ́dọ̀ bá àwọn mẹ́ta yòókù gbá a. Bràsíl lu Sweden ní góòlù 7 sí 1, ó lu Spain ní 6 sí 1. Ó wá ku Uruguay, orílẹ̀-èdè kékeré tí ó bá a pààlà. Bí wọ́n bá tilẹ̀ gbá ọ̀mì, Bràsíl ni ó ni ife. Kí eré tó bẹ̀rẹ̀, ìwé ìròyìn kan ti tẹ àwòrán àwọn agbábọ́ọ̀lù náà jáde pé àwọn ni ó gbégbá orókè ní gbogbo ayé. Olórí ìlú Rio pàápàá ti kí wọn bí aṣẹ́gun lórí pápá. Àwọn àgbà wa ti wí pé a kì í ka ọmọ adìẹ kí ẹyin tó pa. Ṣùgbọ́n ẹni tí ìfẹ́ bá ń pa bí ọtí kì í gbọ́ òwe.

Ọjọ́ 16 oṣù keje ni. Àwọn tí ó sanwó wọlé jẹ́ 173,850 gẹ́gẹ́ bí àkọsílẹ̀ ti wí, ọ̀pọ̀ sì gbà pé àwọn tí ó wà níbẹ̀ súnmọ́ 200,000. Ní ìbẹ̀rẹ̀ abala kejì, Friaça gbá kìíní sáwọ̀n fún Bràsíl, ilẹ̀ sì mì. Obdulio Varela, balógun àwọn ọmọ Uruguay, gbé bọ́ọ̀lù sí abẹ́ apá, ó rọra ń rìn lọ bá rẹfirí, ó ń bá a ṣe àríyànjiyàn lórí ohun tí òun fúnra rẹ̀ mọ̀ pé kò ní yí padà, kí ariwo náà lè lọ sílẹ̀ kí ọkàn àwọn ọmọ rẹ̀ sì padà bọ̀ sípò. Schiaffino dá góòlù náà padà. Nígbà tí ó ku bí ìṣẹ́jú mọ́kànlá, Ghiggia sáré gba ọwọ́ ọ̀tún wá. Bẹ́ẹ̀ gan-an ni ó ti ṣe nígbà góòlù ìṣáájú, tí ó sì ta bọ́ọ̀lù sí àárín fún ẹlòmíràn. Aṣọ́lé Bràsíl, Moacir Barbosa, rò pé bẹ́ẹ̀ ni yóò tún ṣe. Ó yẹ̀ síwájú díẹ̀ láti pàdé rẹ̀. Ghiggia rí àlàfo tí ó ṣí sílẹ̀ láàárín Barbosa àti òpó, ó sì gbá a gba ibẹ̀ kọjá. Góòlù 2 sí 1. Àwọn tí ó wà níbẹ̀ sọ pé ìdákẹ́rọ́rọ́ tí ó tẹ̀lé e burú ju igbe lọ.

Nísinsìnyí, a bẹ̀ yín, ẹ fi ara balẹ̀ wo ọ̀rọ̀ yìí. Ènìyàn mọ́kànlá ni ó gbá a. Àwọn tí ó wà níwájú kò rí ẹ̀kejì gbá sáwọ̀n. Àwọn onìwé ìròyìn ti fi ìṣẹ́gun tí kò tíì dé yangàn. Àwọn olóṣèlú ti sọ agbábọ́ọ̀lù di àsíá ìpolongo ìbò. Ṣùgbọ́n nígbà tí a máa pín ẹ̀bi, Barbosa ni a di í rù, pẹ̀lú Bigode àti Juvenal tí ń bẹ lẹ́yìn. Adúláwọ̀ sì ni àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta. Àwọn kan kò tijú láti wí pé bí ó ti ń rí nìyẹn nígbà tí a bá gbé ohun ńlá lé irú àwọn ènìyàn bẹ́ẹ̀ lọ́wọ́, pé ọkàn wọn kì í gbà á. Wọ́n gbàgbé pé Obdulio Varela tí ó fi ọkàn akin ṣẹ́gun wọn, adúláwọ̀ ni òun náà. Ẹni tí ó bá ń wá ẹ̀bi kiri kì í ní ojú láti rí ẹ̀rí.

Àwọn baba wa a máa fi ọ̀rọ̀ kan ṣe yẹ̀yẹ́ pé bí ọmọ bá dára, ti baba ni. Bí kò bá dára, ti ìyá ni. Bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́ ni a ṣe sí Barbosa. Ní ọdún 1948 tí òun pẹ̀lú ẹgbẹ́ Vasco da Gama di ọ̀gá àwọn ẹgbẹ́ Gúúsù Amẹ́ríkà, àti ní ọdún 1949 tí Bràsíl gba ife ẹ̀yẹ apá ilẹ̀ náà pẹ̀lú rẹ̀, ọmọ gbogbo Bràsíl ni. Láti ọ̀sán ọjọ́ kan péré, ó di ọmọ tí kò ní baba. A gbọ́ pé ní ọ̀pọ̀ ọdún lẹ́yìn náà, obìnrin kan rí i níbi ìtajà, ó sì fi í han ọmọ rẹ̀ pé ọkùnrin tí ó mú gbogbo Bràsíl sunkún nìyẹn. Ní ọdún 1993 ó lọ kí àwọn agbábọ́ọ̀lù orílẹ̀-èdè rẹ̀ níbi tí wọ́n ti ń ṣe ìgbáradì, wọn kò sì jẹ́ kí ó wọlé, nítorí pé wọ́n ń bẹ̀rù pé yóò kó àìríre bá wọn. Òun fúnra rẹ̀ a máa wí pé ọgbọ̀n ọdún ni ìjìyà tí ó pọ̀ jù nínú òfin Bràsíl, ṣùgbọ́n òun ti jẹ ìyà tòun fún àádọ́ta ọdún.

Ó kú ní ọjọ́ 7 oṣù kẹrin ọdún 2000, ẹni ọdún mọ́kàndínlọ́gọ́rin. Ọjọ́ yẹn gan-an ni ó pé ọdún mẹ́rìndínlọ́gọ́rin tí Prestes ti kọ ìwé Vasco, pé a kò ní lé ọmọ wa síta. Ẹgbẹ́ tí ó kọ ìwé náà ni Barbosa ti fi ọ̀pọ̀ ọdún ṣọ́ àwọ̀n fún. Kò sì sí adúláwọ̀ kan tí ó di àṣàyàn aṣọ́lé kìíní fún Bràsíl láti ìbẹ̀rẹ̀ ìdíje àgbáyé títí dé òpin lẹ́yìn rẹ̀, àfi ìgbà tí ó di ti Dida ní ọdún 2006.

A mọ̀ pé àwọn kan yóò dá wa lóhùn. Wọn yóò ní, “Bí kò bá sí ìrora ọdún 1950, ṣé ìṣẹ́gun ọdún 1958 ì bá wà? Ìfẹ́ tí kò lè bínú, ìfẹ́ wo ni?” Ọ̀rọ̀ náà ní ìtumọ̀, a kò sì fẹ́ gbà á lọ́nà yẹpẹrẹ. Ní tòótọ́, ilé ọba tí ó jó, ẹwà ni ó bù sí i. Wọ́n bọ́ aṣọ funfun tí wọ́n wọ̀ lọ́jọ́ náà sílẹ̀. Nínú ìdíje tí ìwé ìròyìn kan gbé kalẹ̀ ní ọdún 1953, ọ̀dọ́mọkùnrin ọmọ ọdún mọ́kàndínlógún kan, Aldyr Garcia Schlee, ni ó ya aṣọ aláwọ̀ ìyeyè tí gbogbo ayé fi mọ̀ wọ́n lónìí. Ní ìlú Bauru, ọmọ ọdún mẹ́sàn-án kan rí baba rẹ̀ tí ń sunkún nídìí rédíò, ó sì ṣèlérí fún un pé òun yóò gba ife náà wá fún un. Ọmọ náà ni Pelé. Ní ọdún 1958, ní ilẹ̀ Sweden, ọmọ ọdún mẹ́tàdínlógún ni nígbà tí ó gbá méjì sáwọ̀n nínú góòlù 5 sí 2 tí Bràsíl fi gba ife.

Ṣùgbọ́n ẹ wò ó dáradára. Ẹni tí ó ya aṣọ fi ìbànújẹ́ ṣiṣẹ́. Ọmọ tí ó ṣèlérí fi ìbànújẹ́ ṣiṣẹ́. Èwo nínú àwọn góòlù márùn-ún náà ni ó ti inú èébú Barbosa jáde? Kò sí ọ̀kan. Ìrora tí a gbé lé èjìká gbogbo wa a máa di agbára. Èyí tí a gbé lé èjìká ẹnìkan a máa pa á, kì í sì í ṣe àwa ní oore kankan. Síwájú sí i, ta ni àwọn tí ó gba ife ọdún 1958? Pelé ni, adúláwọ̀. Didi ni, adúláwọ̀. Garrincha ni, òṣìṣẹ́ ilé iṣẹ́ aṣọ híhun láti Pau Grande, tí ẹsẹ̀ rẹ̀ méjèèjì wọ́, tí ọ̀kan tẹ̀ sínú tí èkejì sì tẹ̀ síta. Nígbàkúùgbà tí Pelé àti òun bá jọ wọ pápá fún Bràsíl, a kò ṣẹ́gun wọn rí. Bí a bá ti gbọ́ ti àwọn tí ó fi àwọ̀ ṣe ẹ̀bi ní ọdún 1950, irú àwọn wọ̀nyí gan-an ni à bá ti lé padà sẹ́yìn ọgbà.

Ìlẹ̀kùn kan tilẹ̀ wà tí ó pẹ́ ju ti àwọn adúláwọ̀ lọ kí a tó ṣí i. Ní ọdún 1941 ìjọba Bràsíl fi òfin de àwọn obìnrin, wọ́n ní irú eré bẹ́ẹ̀ kò bá ẹ̀dá wọn mu. Ó di ọdún 1979 kí wọ́n tó mú òfin náà kúrò. Ní ọdún 1986 ni a bí Marta ní ìlú kékeré kan tí ń jẹ́ Dois Riachos. Ìgbà mẹ́fà ni a ti pè é ní ọ̀gá gbogbo obìnrin agbábọ́ọ̀lù ní àgbáyé, góòlù 17 ni ó sì gbá nínú àwọn ìdíje Ife Ẹ̀yẹ Àgbáyé. Ta ni ó lè ka iye Marta tí ọdún méjìdínlógójì náà gbé mì? Bràsíl ni a sì yàn ní ọdún 2024 láti gba àlejò ìdíje àwọn obìnrin ti ọdún 2027. Ọlọ́gbọ́n a máa kọ́ ẹ̀kọ́, bí ó tilẹ̀ pẹ́.

A rí àmì ẹ̀kọ́ bẹ́ẹ̀ ní ọdún 2014 pẹ̀lú. Ní ọjọ́ 8 oṣù keje, ní Belo Horizonte, Jámánì na Bràsíl ní góòlù 7 sí 1 nínú ilé ara rẹ̀. Ìtìjú náà pọ̀ ju ti ọdún 1950 lọ ní iye góòlù. Ṣùgbọ́n kí ọjọ́ náà tó ṣú, Luiz Felipe Scolari, olùkọ́ àwọn agbábọ́ọ̀lù náà, ẹni tí ó gba ife wá fún wọn ní ọdún 2002, dúró níwájú àwọn oníròyìn, ó sì wí pé ọwọ́ òun ni kí a ti béèrè. Kò tọ́ka sí aṣọ́lé, kò sì tọ́ka sí ọmọdé kankan. A kò sọ pé àwọn ènìyàn kò bínú. Wọ́n bínú gidigidi. Ṣùgbọ́n àgbà ti gbé orí ara rẹ̀ síwájú kí òkúta má bàa ba àwọn ọmọ.

Ẹ má ṣe rò pé ọ̀nà Bràsíl jìn sí ọ̀dọ̀ wa. Nínú eré kan tí kíláàsì méjì gbá ní pápá tiwa, bọ́ọ̀lù kan tí kò le rárá gba àárín ẹsẹ̀ aṣọ́lé ọ̀kan nínú wọn kọjá. Kí a tó jẹun alẹ́, wọ́n ti fi orúkọ rẹ̀ ṣe orin. Wọ́n kọ ọ́ ní ilé oúnjẹ, wọ́n kọ ọ́ ní ibùsùn, wọ́n sì kọ ọ́ títí sáà ìwé náà fi parí. Ọmọ náà kò tún dé ibi pápá mọ́. A kò lè fi ìka tọ́ ẹlòmíràn, nítorí pé àwa tí a ń kọ ìwé yìí wà lára àwọn tí ó gbe orin náà, ó sì dùn lẹ́nu wa. Ìgbà tí a ka ìtàn Barbosa ni a tó mọ ohun tí a ṣe.

Láìpẹ́ a óò tú ká lọ sí ilé-ìwé káàkiri, ìlú ńlá àti abúlé. Níbi tí a bá dé, pápá yóò wà, bọ́ọ̀lù yóò wà, àwọn ọmọdé yóò sì máa wo ojú wa láti mọ bí ó ti yẹ kí a ṣe sí ẹni tí ó gbá a tì. Ọmọ tí bàtà rẹ̀ ti fàya yóò wà ní ẹ̀gbẹ́ pápá. Ọmọbìnrin tí ẹsẹ̀ ń yún yóò wà níbẹ̀. Ọmọ tí kò lè kọ orúkọ ara rẹ̀ yóò wà níbẹ̀. Ẹ jẹ́ kí a ṣí ilẹ̀kùn fún wọn bí Vasco ti ṣí i. Nígbà tí a bá sì pàdánù, tí gbogbo ojú kọ sí ọmọ tí ó wà lẹ́nu àwọ̀n, ẹ jẹ́ kí olùkọ́ ni ẹni àkọ́kọ́ tí yóò rìn lọ sí ọ̀dọ̀ rẹ̀.

Wọ́n sọ pé ní alẹ́ ọjọ́ 16 oṣù keje ọdún 1950, Obdulio Varela kò lọ jó pẹ̀lú àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀. Ó jáde lọ sí ilé ọtí káàkiri Rio, ó bá àwọn ará Bràsíl tí ń sunkún jókòó, ó sì bá wọn mu. Ọ̀tá tí ó ṣẹ́gun wọn wá wọn lọ láti tù wọ́n nínú. Àwọn tí Barbosa jà fún kò ṣe bẹ́ẹ̀ fún un. Igi kan kì í dá igbó ṣe, bẹ́ẹ̀ ni ẹnìkan kì í dá ṣẹ́gun, ẹnìkan kì í sì í dá pàdánù. Ẹni tí ó bá fẹ́ràn bọ́ọ̀lù ní tòótọ́, kí ó kọ́kọ́ fẹ́ràn ẹni tí ń gbá a.